Mo Ń Dáná fún Àwọn Tí Kò Tíì Hu Eyín

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú ọmọdé kan ní San Salvario, ní ìlú Turin, obìnrin kan yọjú lójú fèrèsé ilé ìdáná, ó ní, "La pappa è pronta?" Mo bojú wẹ̀yìn. Èdè Ítálì tí mo gbọ́ nígbà náà kò ju èyí tí ènìyàn fi ń ra búrẹ́dì àti tíkẹ́ẹ̀tì tíráàmù lọ. Mo mọ̀ pé papà ni bàbá. Mo tún mọ̀ pé Papa ni wọ́n ń pe olórí ìjọ Àgùdà ní Róòmù. Mo rò pé bàbá ọmọ kan ló dé, tí obìnrin náà ń béèrè bóyá wọ́n ti múra tán. Mo fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé n kò tíì rí wọn láti àárọ̀.

Signora Piera, tí wọ́n jẹ́ alásè àgbà ibẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn fi ṣíbí igi ọwọ́ wọn tọ́ka sí ìkòkò tó wà lórí iná, wọ́n ní, "Òun nìyẹn. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún." Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé oúnjẹ ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń pè ní pappa. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ilé ti gbọ́ ìtàn náà. Ó pẹ́ kí àwọn olùtọ́jú tó jáwọ́ nínú bíbi mí pé ṣé bàbá ti dé.

Adéọlá ni orúkọ mi. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìlá Ọ̀ràngún kí n tó wá bá ọkọ mi ní Turin. Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ mi kò wúlò níbí, nítorí náà ọdún mẹ́ta ni mo fi ń fọ àtẹ̀gùn ilé onílé. Obìnrin kan tí a jọ ń fọ̀ ọ́ ló sọ fún mi pé ilé ìtọ́jú ọmọdé kan ń wá ẹni tí yóò máa ran alásè lọ́wọ́. Mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó oúnjẹ, mo yege, wọ́n sì gbà mí. Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. Èmi tí mo ti bímọ méjì, tí mo ti se oúnjẹ ìnáwó rí, kí ló tún kù tí n kò mọ̀ nípa oúnjẹ tí ọmọ oṣù mẹ́fà máa jẹ?

Ọmọ oṣù mẹ́ta títí dé ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbé wá síbẹ̀, àmọ́ àwọn tí kò tíì pé ọdún kan ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́. Mẹ́jọ ni wọ́n lọ́dún yẹn. Orí omi ẹ̀fọ́ ni oúnjẹ wọn dúró lé. A óò bó pòtétò, kárọ́ọ̀tì àti zucchina, èyí tó jọ apálá kékeré, a óò sè wọ́n nínú omi fún bíi wákàtí kan láìfi nǹkan kan sí i. A óò sẹ́ omi rẹ̀ sọ́tọ̀. Nínú omi yẹn la ti máa ro ìyẹ̀fun ìrẹsì tó kúnná bí àtíkè, tí yóò fi dì díẹ̀. Lẹ́yìn náà la óò fi ẹran tí a ti lọ̀ sí i, àti ṣíbí kékeré òróró ólífì kan. Bí ọjọ́ orí ọmọ bá ṣe rí ni pappa rẹ̀ ṣe máa rí. Ọmọ oṣù mẹ́fà, tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣàn. Ọmọ oṣù mẹ́jọ, tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí ṣíbí kó tó bọ́. Ọmọ oṣù mẹ́wàá, a lè fi pásítà tó rí bí ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ sí i kó lè fi èrìgì rẹ̀ rún un.

Ẹ̀rọ ìlọta oníná wà nílé ìdáná yẹn, ṣùgbọ́n Signora Piera kì í fi lọ pòtétò. Wọ́n ní ó máa ń sọ ọ́ di gọ́ọ̀mù. Irin kan wà tó rí bí abọ́ oníhò, tó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i. Òun ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì ń ra òmíràn nítorí ọwọ́ rẹ̀ máa ń kán. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi pé kí n máa fa ọwọ́ padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn yíyí mẹ́ta, kí ohun tó bá há lè ṣí kúrò lójú ihò. Ó gbà mí tó oṣù méjì kí apá mi tó mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé mo ń ka yíyí mẹ́ta náà.

Nínú oṣù àkọ́kọ́ yẹn ni mo ṣe àṣìṣe kan tí n kò lè gbàgbé. Signora Piera lọ gba ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ tó kó o wá, wọ́n ní kí n máa bá àwọn ro ìkòkò. Mo tọ́ ọ wò. Ó tẹ́ lẹ́nu mi bí omi òjò. Àánú àwọn ọmọ náà ṣe mí. Mo sọ lọ́kàn mi pé ìyà wo ni wọ́n fi ń jẹ àwọn ọmọ ọlọ́mọ yìí. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo bu iyọ̀ tí a máa ń fi se oúnjẹ àwọn olùtọ́jú, mo wọ́n ọn sí i díẹ̀. Mo tún tọ́ ọ wò, ó ti dùn. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti ṣe wọ́n lóore.

Signora Piera kì í jẹ́ kí ìkòkò kan kúrò nílé ìdáná láìtọ́ ọ wò. Wọ́n fi ṣíbí kan ẹnu, wọ́n dúró, wọ́n wò mí. Wọn kò pariwo. Wọ́n gbé ìkòkò náà, wọ́n rọra dà á sínú ibi ìfọbọ́ títí tó fi tán, wọ́n sì mú pòtétò mìíràn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Mo fẹ́ mú ọ̀bẹ láti bá wọn bó o.

Wọ́n ní, "Rárá. Lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ, kí o máa gbọ́ wọn."

Ó lé ní wákàtí kan tí mo fi dúró níbẹ̀. Ọmọ mẹ́jọ tí ebi ń pa, tí wọn kò mọ ìdí tí ìkòkò kò fi dé. Àwọn olùtọ́jú ń gbé wọn jó, wọ́n ń kọrin fún wọn, kò ràn. Mo ti gbọ́ igbe ọmọ rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í sì í ṣe nítorí mi. Nígbà tí mo padà dé ilé ìdáná, ojú mi ti pọ́n. Signora Piera ń fi asẹ́ sẹ́ omi ẹ̀fọ́ tuntun.

"Ahọ́n rẹ ti gbó," ni wọ́n wí. "Tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ohun tó tẹ́ lẹ́nu rẹ yẹn, kárọ́ọ̀tì gidi ni lẹ́nu wọn. Kíndìnrín wọn kò sì tíì lágbára iyọ̀. Má fi ẹnu rẹ jẹun fún wọn."

Wọn kò fi ẹjọ́ mi sun ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tún sọ̀rọ̀ náà mọ́. Láti ọjọ́ náà, kí n tó tọ́ pappa wò, mo máa ń kọ́kọ́ fi omi ṣan ẹnu mi, mo sì máa ń dúró díẹ̀. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìyàtọ̀ láàárín kárọ́ọ̀tì ìgbà òtútù àti ti ìgbà ooru. Ọkọ mi ní mo ti bàjẹ́, torí pé ọbẹ̀ ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́.

Mo ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ nígbà tí Bùkọ́lá gbé Tẹniọlá wá. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni Tẹniọlá, ọmọbìnrin olójú ńlá tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ti kàwé ìmọ̀ kẹ́míkà jáde ní Padua, ọkọ rẹ̀ ṣì ń bá ìwádìí rẹ̀ lọ níbẹ̀, tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá sọ́dọ̀ wọn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Bùkọ́lá ti ríṣẹ́ ní Turin, níbi tí wọ́n ti ń yẹ omi ẹ̀rọ wò bóyá ó dára fún mímu. Mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù nílé ìdáná lọ́jọ́ náà nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lójú fèrèsé.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Yorùbá ni yín?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Káàárọ̀."

Ó fọwọ́ lé àyà. "Àǹtí, inú mi mà dùn o. Mo ti ń ronú pé ta ni ọmọ yìí máa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ níbí."

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní inserimento. Ìyá máa kọ́kọ́ jókòó nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ, lẹ́yìn náà á jáde fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà fún méjì, títí ọmọ á fi lè jẹun níbẹ̀, kó sì sùn níbẹ̀. Tẹniọlá ṣeré. Ó jẹ́ kí wọ́n gbé òun. Ṣùgbọ́n kò jẹun. Alásè ilé ìtọ́jú ọmọ kì í rí àwọn tó ń dáná fún. Abọ́ ló ń sọ fún un bí wọ́n ṣe jẹun. Abọ́ Tẹniọlá ń padà wá bó ṣe lọ. Giada, ọ̀dọ́bìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, á gbé e sórí fèrèsé, á mi orí.

"Niente," ni yóò wí. Kò jẹ nǹkan kan.

A yí i padà. A mú kárọ́ọ̀tì kúrò, a fi èlégédé sí i. A lo tòlótòló dípò ẹran màlúù. A fi èso píà lásán fún un. Ó tu gbogbo rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé. Nígbà tó di òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀gá ilé náà pe Bùkọ́lá, ó sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kò sí bí wọ́n ṣe lè tọ́jú ọmọ oṣù mẹ́jọ tí kò jẹun di ìrọ̀lẹ́. Bí kò bá jẹun, agogo méjìlá ni wọn yóò máa pe ìyá rẹ̀ kó wá gbé e.

Mo bá Bùkọ́lá ní yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó ń fi ọwọ́ nu ojú.

"Àǹtí, ọjọ́ Ajé ni mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Periodo di prova ni, wọ́n á máa wò mí fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó gbà mí dáadáa. Tí wọ́n bá ń pè mí ní agogo méjìlá lójoojúmọ́, ta ló máa gbà mí? Ọdún méjì ni mo fi wá iṣẹ́ yìí. Màmá mi ìbá wá bá mi gbé ọmọ, wọn ò fún wọn ní físà."

Mo bi í pé, "Ṣé ó ń jẹun nílé?"

Ó ní, "Nílé? Ó ń jẹ dáadáa o. Ògì ló ń jẹ."

Mo lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti fi ojú ara mi rí i. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná ni ó gbé ike àgbàdo funfun tó rẹ sí. Ọjọ́ mẹ́rin ló ti wà níbẹ̀, nítorí òtútù kì í jẹ́ kó tètè kan. Ó lọ̀ ọ́, ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, bí ìyá rẹ̀ ṣe ṣàlàyé fún un lórí fóònù. Ó sè é, ó fi wàrà ọmọ sí i. Lẹ́yìn náà ó jókòó lórí àga, ó tẹ́ Tẹniọlá sórí itan, ó fi apá gbé orí rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń bu ògì sí i lẹ́nu. Ọmọ náà jẹ abọ́ kan tán, ó sì gùfẹ̀. Mo tọ́ ògì náà wò. Ó kan dáadáa, ó kan débi pé ojú mi fún pọ̀ díẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ ti mọ kíkan láti ìgbà tó ti pé oṣù mẹ́fà, a ń gbé kárọ́ọ̀tì àti èlégédé tó dùn bí ṣúgà síwájú rẹ̀, a sì ń béèrè ohun tó ṣe é.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe ohun tó dára. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo se ògì tí mo gbà lọ́wọ́ Bùkọ́lá nílé mi, mo rọ ọ́ sínú fúláásìkì kékeré, mo fi síkáàfù wé e, mo gbé e sínú báàgì mi. Mo mọ òfin. Oúnjẹ kankan kò gbọ́dọ̀ ti ìta wọ ilé náà. Mo sọ fún ara mi pé ìwọ̀nba ṣíbí díẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Bí mo ṣe ń gbé épírọ́ọ̀nù mi wọ̀ ni Signora Piera wọlé. Mo ti yọ fúláásìkì náà sórí bẹ́ńṣì.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Mo lè sọ pé tíì ni. Ẹnu mi kò gbà á. Mo sọ òtítọ́ fún wọn.

Wọ́n jókòó. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí àwọn ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ní ibòmíràn, ìyá àgbà kan kó bísíkíìtì wọlé fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Èyí tó já sílẹ̀ ni ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú jẹ. Èso kan wà nínú rẹ̀ tí ara ọmọ yẹn kò gbà. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wú, ọkọ̀ ilé ìwòsàn ló sáré gbé e. Ọmọ náà yè.

"Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún ìyá àgbà náà," ni wọ́n wí. "Mo rí báàgì rẹ̀. Adé, ohun tó bá gba ẹ̀yìn mi wọlé, n kò lè gbèjà rẹ lórí rẹ̀. N kò sì lè gbèjà àwọn ọmọ."

Mo ti rí i pé iṣẹ́ mi ti lọ. Mo tọrọ àforíjì. Wọ́n ṣí fúláásìkì náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n mú ṣíbí, wọ́n tọ́ ọ wò.

"Ó ti kan."

Mo ní, "Ó yẹ kó kan ni, Signora. Bí yógọ́ọ̀tì ṣe ń kan."

Wọ́n tún tọ́ ọ wò. "Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

"Àgbàdo."

"Àgbàdo," ni wọ́n tún wí. Wọ́n wá ń wo ògiri. "Lórí òkè, ní abúlé wa, polenta tí a fi àgbàdo rò là ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ìyá mi a máa ro ìyẹ̀fun àgbàdo kó ṣàn, á bu wàrà tó ti kan lé e, á fi bọ́ àwọn tó kéré. Bí èmi náà ṣe dàgbà nìyẹn." Wọ́n dé fúláásìkì náà, wọ́n gbé e padà sínú báàgì mi. "Gbé èyí lọ sílé. Ìyẹ̀fun àgbàdo wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa. Yógọ́ọ̀tì funfun wà nínú fìríìjì. Ẹ̀ka oúnjẹ ìlú ti fọwọ́ sí méjèèjì. Lọ bá mi pe ọ̀gá."

Ọ̀gá ilé náà gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, ó ní àwọn kò lè ṣe nǹkan kan láìsí ìwé dókítà ọmọ náà. Ó pe dókítà. A ń dúró. Ìwé náà dé sórí kọ̀ǹpútà ní agogo mọ́kànlá kọjá: ọmọ náà lè jẹ àgbàdo, ó sì lè jẹ yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà. Bùkọ́lá ti wà níbi iṣẹ́ tuntun rẹ̀ láti agogo mẹ́jọ.

A ro àgbàdo, a fi yógọ́ọ̀tì pò ó, Giada gbé e lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó gbé e padà wá. Tẹniọlá ti fi èyí tí wọ́n fi sí i lẹ́nu kun ara àga rẹ̀. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

Ó ní, "Ṣé kí n pe ìyá rẹ̀ ni?"

Signora Piera wo aago. "Fún wa títí di agogo kan."

Mo fi ìka kan oúnjẹ náà. Yógọ́ọ̀tì tó ti inú fìríìjì wá ti sọ ọ́ di tútù. Ó sì ti ki jù, ó dúró gbọin bí polenta àgbàlagbà. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí nílé wọn. Mo tún òmíràn ro kí ó ṣàn bí ògì mímu. Signora Piera gbé abọ́ náà sínú omi gbígbóná títí ó fi lọ́wọ́ọ́rọ́. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n fi ṣíbí yógọ́ọ̀tì kan lé e. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Ìwọ ni kí o lọ."

Alásè kì í wọ yàrá àwọn ọmọ lásìkò oúnjẹ. Ọ̀gá ronú díẹ̀, ó ní kí n wọ ìbọ̀sẹ̀ onírọ́bà lé bàtà, kí n fọ ọwọ́. Tẹniọlá wà lórí àga gíga, ó ti sunkún débi pé ìpéǹpéjú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Mo bẹ Giada pé kó gbé e kúrò níbẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí kékeré, mo tẹ́ ẹ sórí itan, mo fi apá gbé orí rẹ̀.

Mo ní, "Ó yá, ìyá mi. Ta ló bí ọ nínú? Lanu, kí n rí i."

Ó dákẹ́. Ó wá ojú mi kiri, bí ẹni pé ó fẹ́ mọ ibi tí ohùn náà ti ń jáde. Mo fi ẹnu ṣíbí kan ètè rẹ̀. Ó lá a. Ó fún ojú pọ̀ díẹ̀ nítorí kíkan rẹ̀. Ó sì la ẹnu.

Ṣíbí mọ́kànlá ni mo kà, lẹ́yìn náà n kò kà á mọ́. Mo da díẹ̀ sórí bíìbù rẹ̀. Giada jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo bí mo ṣe gbé apá sí. Ó ní kí n kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ kejì, òun ló fún un jẹ, lórí itan, ó ń sọ pé "lanu, lanu" bí ẹni tó ń pe ológbò. Tẹniọlá kò bìkítà nípa ohùn yẹn. Ó la ẹnu.

Lọ́jọ́ Ajé náà, agogo mẹ́rin kọjá ni Bùkọ́lá sáré dé, kò de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, ó ń wo fóònù rẹ̀ bóyá ìpè kan ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ jẹun. Ó wò mí bí ẹni tí mo ń tàn. Signora Piera, tí n kò rí kí wọ́n fi abọ́ kan sílẹ̀ láìfọ̀ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, gbé abọ́ Tẹniọlá jáde láti orí pẹpẹ. Wọn kò fọ̀ ọ́. Wọ́n fi hàn án. Bùkọ́lá gba abọ́ òfìfo náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó tẹ orí ba, ó kúnlẹ̀ fún wọn lórí ilẹ̀ ilé ìdáná. Ṣìbáṣìbo bá Signora Piera. Wọ́n bi mí pé kí ló já sílẹ̀ tó ń wá.

Ó gba oṣù mẹ́ta kí Tẹniọlá tó máa jẹ bí àwọn yòókù. Títí ó fi kúrò lọ́dọ̀ wa, a kò rí kárọ́ọ̀tì fi sí i lẹ́nu. Bùkọ́lá parí àkókò ìdánwò rẹ̀, wọ́n gbà á síṣẹ́. Nígbà tí obìnrin tó ń yẹ oúnjẹ wò wá láti ìjọba ìlú, mo kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ògì fún un, láti ìgbà tí wọ́n bá ti rẹ àgbàdo títí dé orí iná. Ó kà á dáadáa. Ó ní òun kò lè jẹ́ kí a rẹ ọkà nílé ìdáná ilé ìtọ́jú ọmọ. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí àgbàdo oníyógọ́ọ̀tì, ó sì wọ inú àtẹ oúnjẹ tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri fún àwọn òbí. Bàbá àgbà kan, ará Turin pọ́ńbélé, wá béèrè bí a ṣe ń ṣe é, nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò gba oúnjẹ mìíràn mọ́ nílé. Signora Piera ní kí n ṣàlàyé fún un. Wọ́n dúró sẹ́yìn mi, wọ́n ń gbọ́, wọn kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, èmi ni wọ́n fi ilé ìdáná náà lé lọ́wọ́. Ní àwọn Sátidé kan báyìí, mo máa ń kọ́ àwọn abiyamọ tuntun nínú gbọ̀ngàn ìjọ kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin. Ọmọ Ẹ̀dó wà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá, ará Romania, àwọn Ítálì pàápàá. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń béèrè: bí ọmọ bá tu oúnjẹ, ṣé àwọn ni àwọn kò mọ̀ ọ́n sè? Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọmọ náà ti ń jẹ fún mi, àti ẹni tó ń gbé e nígbà tó bá ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà la tó máa ń gbé ìkòkò kaná. Mo ti rí ìyá tó fi iyọ̀ sí i nítorí ó tẹ́ lẹ́nu rẹ̀. N kò bá a jà. Mo sọ tèmi fún un, a jọ rẹ́rìn-ín, a sì dà á nù.

Láìpẹ́ yìí, mo wọ tíráàmù lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ẹ̀kọ́ wa. Bùkọ́lá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin gíga kan tó gbé báàgì ilé-ìwé ijó, irun rẹ̀ ní ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti bọ́.

Bùkọ́lá ní, "Tẹniọlá, kí màmá. Àwọn ni wọ́n ń se oúnjẹ fún ẹ nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́."

Ọmọ náà wò mí dáadáa, pẹ̀lú ojú ńlá yẹn. Ó fẹ́ rántí tọkàntọkàn. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó sọ òtítọ́.

"Non mi ricordo," ni ó wí. Òun kò rántí.

Ojú ti ìyá rẹ̀, ó ń bẹ̀ mí. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Nínú gbogbo ọmọ tí mo ti dáná fún, kò sí ọ̀kan tó rántí, kò sì sí ọ̀kan tó máa rántí láé. Wọ́n ti fi oúnjẹ náà ṣe egungun, wọ́n ti fi ṣe irun, wọ́n sì ti gbé e lọ. Tẹniọlá fún mi láyè kí n jókòó, nítorí mo jẹ́ àgbàlagbà. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìdi nǹkan kan mú, ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó lágbára gba bí ọkọ̀ ṣe ń mì, títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀.